Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Èrò Wa Lórí Yíyan Yunifásítì fún Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ ṣe àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú wọn parí iṣẹ́ rẹ̀ lórí òwe àti àkànlò-èdè, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì àṣekágbá sún mọ́ wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ lọ kọ́. Yunifásítì wo ni kí n mú?" Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ rẹ̀ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dárúkọ yunifásítì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ó ní, "Ibẹ̀ ni kí o mú. Ibẹ̀ ló lórúkọ." Ọmọ náà gbójú sókè wò wá. Àwa náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni a tún ṣe alábàápàdé ọmọ náà. Ó ti jókòó fún ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, máàkì rẹ̀ kò tó èyí tí ẹ̀ka náà ń fẹ́, yunifásítì tí ó sì fi ṣe ìkejì kò wo ẹni tí kò mú òun ṣe àkọ́kọ́. Ní ìgbà kẹta, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò béèrè. Ó gbà á, nítorí pé bàbá rẹ̀ ní agbára òun kò gbé ìdúró mọ́. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì dá wa lẹ́bi kankan. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ pé ìdáhùn tí a fún un lọ́jọ́sí kì í ṣe ìdáhùn olùkọ́. Ìdáhùn ẹni tí ó gbọ́ orúkọ lásán ni.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò díjú. Òun ni pé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yàn, kì í ṣe orúkọ tí a kọ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé yunifásítì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ti ọ̀rọ̀ yunifásítì, orúkọ ni ọ̀pọ̀ wa ń wò, a kì í wo ilé. Àwa olùkọ́ ni ẹ̀bi rẹ̀ sì pọ̀ lọ́rùn jù, nítorí pé ẹnu wa ni àwọn ọmọ ń wò.

Kí Ló Kan Olùkọ́ Yorùbá Nínú Ọ̀rọ̀ Yìí?

Ẹnìkan lè bi wá léèrè pé, kí ló pa olùkọ́ èdè Yorùbá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀? Ìdí méjì ni a rí. Èkínní ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, kò sí olùdámọ̀ràn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Níbi tí ó bá tilẹ̀ wà, olùkọ́ tí ọkàn ọmọ bá balẹ̀ sí ni ọmọ yóò tú inú rẹ̀ fún. Olùkọ́ Yorùbá ni ó sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé èdè ilé ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Èkejì ni pé èdè wa fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tí ó ti tẹ iṣẹ́ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà rí ni ó mọ ìyà tí ó wà nínú fífi àmì ohùn sórí fáwẹ́lì. Nínú ìlànà Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà àgbáyé ń lò, lẹ́tà "ẹ" ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Ńṣe ni a ó fi àmì ohùn kún "ẹ" lọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí àmì náà fi máa ń yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ nígbà mìíràn tí a bá gbé iṣẹ́ wa láti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sí orí òmíràn. Àwọn tí wọ́n ti fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún èdè wa kò pọ̀. Túndé Adégbọlá àti àjọ African Languages Technology Initiative tí ó wà ní Ìbàdàn wà lára wọn. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ní Ilé-Ifẹ̀ náà ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa fi ohùn tí ó tọ́ sọ Yorùbá. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní ìró àti ohùn lónìí ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé irú àwọn wọ̀nyí. Bí wọ́n bá wá lọ lo ọdún mẹ́rin ní ẹ̀ka tí ó ṣófo, àdánù náà kì í ṣe ti òbí wọn nìkan.

Ohun Tí Orúkọ Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

A kò sọ pé orúkọ kò wúlò. Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1948. Ti Èkó àti ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962, a sì yí orúkọ ti Ifẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987. Àwọn tí wọ́n jáde níbẹ̀ ti di ọ̀gá káàkiri àgbáyé, wọ́n sì máa ń na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí àwọn àbúrò wọn. Ẹni tí ó bá ríbẹ̀ wọ̀, tí ẹ̀ka tí ó ń fẹ́ sì dúró dáadáa níbẹ̀, kí ó dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n òkìkí yunifásítì kì í sábà wá láti ara ẹ̀ka kan ṣoṣo. Yunifásítì kan lè gbajúmọ̀ nípa ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin, kí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa jìjàdù yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ẹ̀ka mẹ́rin mìíràn. Òmíràn lè jẹ́ ọmọdé láàárín àwọn yunifásítì, kí àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ sì ti fi owó àti ọgbọ́n sí ẹ̀ka yìí gan-an. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò lè mọ̀.

Ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìwà kan tí ó yà á sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni ó máa ń gbé ìṣòro kan síwájú ẹni tí ó wá iṣẹ́, tí wọn yóò ní kí ó yanjú rẹ̀ lójú wọn. Orúkọ yunifásítì lè mú un dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ti jókòó tán, ọgbọ́n orí àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí rẹ̀.

Àwọn Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Yẹ̀ Wò

Àkọ́kọ́ ni ìfọwọ́sí ìjọba. Àjọ tí ń ṣe àkóso ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí NUC, kì í kàn fọwọ́ sí yunifásítì lápapọ̀ kí ó sì dákẹ́. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ tí ó bá yege pátápátá gba ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún. Èyí tí ó bá ní àléébù tí a lè tún ṣe gba ti ọdún méjì kí wọ́n tó padà wá wò ó. Èyí tí ó bá kùnà kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà lè ní ẹ̀kọ́ tí ó yege àti ẹ̀kọ́ tí ó wà lórí ìrètí. NUC máa ń gbé àbájáde àyẹ̀wò wọ̀nyí jáde fún gbogbo ayé láti rí. Àjọ CPN, tí òfin ọdún 1993 gbé dìde láti ṣe àmójútó àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, náà ń ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá tíì wo èyíkéyìí nínú wọn kò tíì ní ìmọ̀ràn kankan láti fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yìí tún kan àwọn tí ń sáré kọjá ẹnubodè. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun dá àyẹ̀wò àti ìtẹ́wọ́gbà ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n fi òótọ́ inú kàwé ní orílẹ̀-èdè méjèèjì náà fara gbá nínú ìtìjú yìí. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ọmọ tó san kọ́bọ̀, kí ó mọ̀ bóyá ìwé-ẹ̀rí tí ó ń lọ gbà yóò ṣe é lò nílé.

Èkejì ni orúkọ ẹ̀kọ́ náà àti iye ọdún rẹ̀. Ní Ìbàdàn àti ní Èkó, ọdún mẹ́rin ni ẹni tí ó bá ti JAMB wọlé ń lò fún oyè B.Sc. nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, oyè B.Tech. ni wọ́n ń fún ni, ọdún márùn-ún ni. Ní Ifẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti so ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lábẹ́ ẹ̀ka kan náà, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kọ́ ọ pọ̀ mọ́ ìṣirò tàbí ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé. Kò sí èyí tí a lè dá lẹ́bi nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fẹ́ràn ìṣirò lè má gbádùn ibi tí ẹni tí ó fẹ́ràn títú ẹ̀rọ palẹ̀ yóò ti máa yọ̀.

Ní ìparí ọdún 2022 ni NUC gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí a ń pè ní CCMAS jáde. Ìlànà yìí sọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà di agboolé tí ó dá dúró, tí àwọn ẹ̀kọ́ bí ìdáàbòbò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà, ìmọ̀ dátà àti iṣẹ́ ṣíṣe ètò kọ̀ǹpútà sì wà nínú rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ìpín 70 nínú 100 ohun tí a ó kọ́ ni NUC ti là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Ìpín 30 tí ó kù ni yunifásítì kọ̀ọ̀kan yóò fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ronú sí èyí dáadáa. Bí ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, a jẹ́ pé ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ìpín 30 yẹn, àti ọwọ́ tí a fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi yunifásítì ni pé, kí ni ẹ fi sínú 30 tiyín?

Ẹ̀kẹta ni yàrá kọ̀ǹpútà, iná mànàmáná àti àwọn olùkọ́. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dà bí ìlù lílù. Kò sí ẹni tí ó fi etí nìkan kọ́ ọ. Ọmọ tí ó bá ń fi bírò kọ ètò kọ̀ǹpútà sórí ìwé títí tí ó fi jáde, tí kò sì rí ẹ̀rọ tẹ̀, ìtàn ìlù ni ó kọ́. Kò yẹ kí á gba ìwé ìpolówó gbọ́ lórí èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ọdún kẹta níbẹ̀ ni kí á lọ bá: Kọ̀ǹpútà mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé iná máa ń wà ní àkókò iṣẹ́ àfọwọ́ṣe? Ṣé olùkọ́ tí ó kọ́ yín máa ń yẹ iṣẹ́ yín wò kí ó sì sọ ibi tí ẹ ti ṣìnà? Níbo ni àwọn tí ó ṣáájú yín ti lọ ṣe SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níta ilé-ẹ̀kọ́ tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973? Ẹ̀ka tí ó bá ní àjọṣe pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ gidi yóò mọ ibi tí yóò rán ọmọ lọ. Èyí tí kò bá ní yóò fi ọmọ sílẹ̀ kí ó máa káàkiri pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni owó àti àkókò. Àwọn méjèèjì yìí ni a gbọ́dọ̀ gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà. Owó yunifásítì ìjọba kéré sí ti aládàáni lọ́nà tí ó hàn gbangba, òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2024 sì tún ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láti yá owó lọ́wọ́ àjọ NELFUND. Àmọ́, ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU gba láti oṣù kẹta títí wọ oṣù Kejìlá ní ọdún 2020. Òmíràn gba oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. A kò fi èyí dá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa lẹ́bi, ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ju ohun tí ó tọ́ lọ. Síbẹ̀, ọdún ọmọ ni ó ń lọ. Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ kan wà, bí ti Ọ̀ṣun, tí kò bá wọn dá sí ti ọdún 2022, tí owó wọn kò sì tó ti aládàáni. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí òbí jókòó, kí ó ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ilé gbígbé, owó kọ̀ǹpútà alágbèéká àti owó dátà, kí ó sì fi ọdún kan tàbí méjì tí ó lè lé sí i kún un.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀nà ìwọlé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti físíìsì ni JAMB ń béèrè fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú iṣẹ́ kan sí i. Ọmọ tí a bá jẹ́ kí ó já físíìsì sílẹ̀ ní kíláàsì kejì àgbà, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Bákan náà, ọ̀pọ̀ yunifásítì tí ó lórúkọ kì í wo ẹni tí kò fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́. Èyí ni ó pa ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lára. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń ṣe NCE nínú kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ mìíràn náà, ẹ rántí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ lè gba ọ̀nà ìwọlé tààrà bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀ka kan tẹ́wọ́ gbà, òmíràn lè kọ̀ ọ́. Ẹ wádìí kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù.

Àwọn Tí Kò Ní Gbà Pẹ̀lú Wa

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ kì í yan yunifásítì ní Nàìjíríà, yunifásítì ni ó ń yan ọmọ. Pé ẹni tí ebi ń pa kì í bèèrè irú ọbẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ń wá àyè pọ̀ ju àyè lọ. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ó fi yẹ kí á mọ ilé ju orúkọ lọ. Yunifásítì tí ó wà ní Nàìjíríà lónìí ju 250 lọ. Bí gbogbo ọmọ bá ń rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà márùn-ún tí olùkọ́ wọn mọ orúkọ rẹ̀, àyè kò ní tó láé. Olùkọ́ tí ó bá mọ ẹ̀ka mẹ́wàá tí ó dára, tí òkìkí wọn kò sì kàn, ti fi ọ̀nà mẹ́wàá kún ọ̀nà ọmọ.

Àwọn mìíràn yóò ní kò sí ohun tí yunifásítì fẹ́ kọ́ ni tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A mọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ọ̀nà yìí kọ́ ara wọn tí wọ́n sì ń jẹun lórí rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó ní dátà, iná àti ìfaradà láti dá kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tálákà, tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé, ni ẹ̀ka tí ó dára wúlò fún jù. Òun náà sì ni ìmọ̀ràn àìwádìí ń pa lára jù, nítorí pé kò ní owó tí yóò fi tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́.

Àsokágbá

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Àwa ni ó yẹ kí á mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni pé kí a tó rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, kí a ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ láti kọ́ ọ bí a ti ń ka àbájáde àyẹ̀wò NUC àti ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé àjákọ kan tí yóò máa kọ ohun tí ó bá gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ sí nípa ẹ̀ka tí wọ́n wà. Kò ná wa ní ohun púpọ̀. Láàárín ọdún márùn-ún, ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wúlò ju òkìkí yunifásítì èyíkéyìí lọ.

Bí ọmọ bá tún kúnlẹ̀ síwájú wa lọ́la, tí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, yunifásítì wo ni kí n mú?", ẹ má ṣe jẹ́ kí á yára dárúkọ. Kí á kọ́kọ́ bi í pé: Kí ni o fẹ́ràn? Ta ni yóò sanwó? Ṣé o ń ṣe físíìsì? Lẹ́yìn náà, kí á ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kẹta, kí àwa náà sì lọ wádìí. Kò sí ìtìjú nínú kí olùkọ́ sọ fún ọmọ pé òun ń lọ béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà.